Bí Lọ́yà Bá Bọ́ Gáùn Sílẹ̀, Òfin Ò Bọ́ Lọ́rùn Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù, Ọjà'ba, Ìbàdàn)

      

Ní ìpàdé tó kọjá, ẹ ní kí àwa akọ̀wé yín wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan tó dá ariwo sílẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bi wá ni pé: bí ẹni tó jẹ́ lọ́yà bá ṣe wá níbi, tí kì í ṣe pé ó ń bá wa rojọ́ ní kóòtù, tó jẹ́ pé ọjà ló wá rà, tàbí onílé wa ni, tàbí aládùúgbò wa, ṣé ibì kan wà tá a lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn láàárín àwọn ọ̀gá rẹ̀? Àbí iṣẹ́ kóòtù rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè bá a wí lé lórí? Àwọn kan nínú yín ní kò sí irú ibẹ̀. Àwọn kan ní bó tilẹ̀ wà, ara wọn ni wọ́n máa gbè. A ti lọ wádìí. Ìdáhùn tá a mú bọ̀ ni pé ibẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ibẹ̀, ó sì ní ohun tí ibẹ̀ ò lè ṣe fún wa. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa níbí.

Gbogbo yín lẹ mọ ìyá tó ń ta ìrẹsì àti epo pupa láàárín wa. A ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ìwé yìí ń rìn jìnnà. Bàbá kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó fẹ́ ṣe òkú ìyá rẹ̀. Ó mú káàdì jáde, lọ́yà ni. Ó kó àpò ìrẹsì 12, kẹ́ẹ̀gì epo 8, pẹ̀lú èlùbọ́ tó pọ̀. Ó san díẹ̀ lówó, ó wá kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún ìyókù. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá mú ṣẹ́ẹ̀kì lọ sí báńkì, wọ́n ní kò sówó níbẹ̀. Ó tún mú un lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún dá a padà. Nígbà tó wá pe bàbá náà lórí fóònù, èsì tó fún un ni pé: "Ṣé o mọ̀ pé lọ́yà ni mí? Bó o bá tún pè mí, màá jẹ́ kí wọ́n ti ìsọ̀ yẹn pa."

Ìyá wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwa tẹ́ ẹ fi ṣe olóyè sọ fún un. A ní, "Ìyá, ta ló ń bá lọ́yà ṣẹjọ́? A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Ó gbọ́ràn sí wa lẹ́nu, ó lọ jókòó jẹ́ẹ́. Owó tó wà lọ́wọ́ bàbá yẹn kì í ṣe tìyá nìkan. Ẹni tó gba epo lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn ń béèrè tirẹ̀, alájọ ń béèrè tirẹ̀. Kó tó pé ọdún kan, ìyá tó ń ta àpò bẹ̀rẹ̀ sí í ta kóńgò. Nígbà tó ṣe, kò rí kóńgò tà mọ́, ata ló ń pín sí òkìtì-òkìtì níwájú ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní pólì fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Bá a bá máa sọ òótọ́, kì í ṣe lọ́yà yẹn nìkan ló jẹ ìyá yìí níyà. Ìmọ̀ràn tiwa náà bá a dá sí i. Kóòtù ìbílẹ̀ wà ní Mápó níbẹ̀ yẹn, béèyàn bá jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀, á máa wo òkè Mápó. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá ti pe "lọ́yà," àyà wa a já. Ìbẹ̀rù yẹn la wá bá yín sọ lónìí.

Ta ni ọ̀gá lọ́yà?

A ò kàwé púpọ̀, ìwé mẹ́fà la kà. A lọ bá ọmọ ọ̀kan nínú yín tó jẹ́ lọ́yà. Owó ata àti ọ̀gbọ̀lọ̀ ni ìyá rẹ̀ fi rán an lọ sílé ìwé, kò sì gbàgbé. Ó jókòó tì wá, ó ka òfin sí wa létí, ó sì túmọ̀ rẹ̀ títí ó fi yé wa.

Òfin tó de àwọn lọ́yà ní Nàìjíríà ni Legal Practitioners Act. Èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1975 ni wọ́n kó sínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti 2004. Bí ẹnì kan bá parí ẹ̀kọ́ òfin, àwọn àgbà amòfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Body of Benchers, àwọn ló ń sọ ọ́ di lọ́yà. Lẹ́yìn náà, orúkọ rẹ̀ á wọ inú ìwé ńlá kan ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ l'Ábùjá. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé yẹn, lọ́yà ni. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, ó tán. Kò gbọdọ̀ dúró níwájú adájọ́ bá ẹlẹ́jọ́ rojọ́ mọ́.

Àwọn Body of Benchers yìí ló ni ìgbìmọ̀ tó ń bá lọ́yà wí. Legal Practitioners Disciplinary Committee lorúkọ rẹ̀, LPDC ni wọ́n ń gé e sí. Àwa á máa pè é ní ìgbìmọ̀ ìbáwí. Òfin sọ ọ̀nà mẹ́rin tí lọ́yà fi lè jẹ̀bi níwájú wọn.

Ọ̀nà kìíní ni ìwà àbùkù ńlá nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bíi kí kóòtù dá owó fún opó kan, kí lọ́yà gbà á fún un, kó sì fi kọ́lé ara rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni tá a fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú. Bí kóòtù kan ní Nàìjíríà tó lágbára láti rán èèyàn lẹ́wọ̀n bá ti dá lọ́yà lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ kan, tí ìgbìmọ̀ sì rí i pé irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá ipò lọ́yà mu, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀. Òfin ò sọ pé inú iṣẹ́ lọ́yà nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti wá. Ibi yòówù kó ti dá a, ìbáà jẹ́ ilé, ìbáà jẹ́ ọjà, ìbáà jẹ́ ojú títì.

Ọ̀nà kẹta ni kó jẹ́ pé èrú ló fi wọ inú ìwé orúkọ yẹn.

Ọ̀nà kẹrin ni ìwà tí kò tó àbùkù ńlá, ṣùgbọ́n tí ìgbìmọ̀ rí i pé kò yẹ ẹni tó jẹ́ lọ́yà.

Ní ti ìyà, lórí mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀ pátá, wọ́n lè ní kó má ṣiṣẹ́ fún ìgbà kan, wọ́n sì lè bá a wí lásán. Lórí ọ̀nà kẹrin, wọn ò lè yọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n lè dá a dúró fún ìgbà kan, tàbí kí wọ́n bá a wí. Wọ́n tún lágbára láti pàṣẹ pé kó dá owó tí wọ́n san fún un tàbí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà. Bí ìdájọ́ ò bá tẹ́ lọ́yà náà lọ́rùn, ó lè gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ.

Kí ló kàn wọ́n nínú ìwà ilé?

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ló kan ọ̀gá lọ́yà nínú ìrẹsì tí lọ́yà rà? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ni ọjà tí lọ́yà ń tà? Kì í ṣe ìwé, kì í ṣe gáùn. Ìfọkàntán ni. Òun là ń kó ìwé ilé bàbá wa fún. Òun là ń sọ àṣírí tá ò lè sọ fún ọmọ wa fún. Bó bá dìde ní kóòtù tó ní "báyìí ló rí," adájọ́ á fẹ́ gbà á gbọ́. Ẹni tó wá lè wo ojú ìyá arúgbó kó fún un ní ṣẹ́ẹ̀kì tó mọ̀ pé kò sówó lẹ́yìn rẹ̀, ṣé ọkàn mìíràn ló máa gbé lọ sí ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè?

Àwọn lọ́yà fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ìlànà ìwà tí wọ́n kọ fún wọn lọ́dún 2007, gbólóhùn àkọ́kọ́ pàá sọ pé lọ́yà ò gbọdọ̀ hu ìwà tí kò yẹ lọ́yà. Ìlànà yẹn náà tún sọ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́yà ò gbọdọ̀ máa fi ara rẹ̀ ṣe òwò rírà àti títà ọjà. Ẹ ò rí i! Iṣẹ́ tiwa gan-an ni. Ìlànà mìíràn, ti 2023, ti wá rọ́pò ti 2007. A kàn fẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé ó ti pẹ́ tójú àwọn ọ̀gá lọ́yà ti kúrò ní ọ́fíìsì nìkan.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Ẹ̀yin àgbà rántí Nixon, Ààrẹ Amẹ́ríkà. Lọ́yà ni kó tó di Ààrẹ. Lọ́dún 1972, àwọn kan tó ń ṣiṣẹ́ fún un lọ fọ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò, Nixon sì bá wọn bò ó mọ́lẹ̀. Ó fipò sílẹ̀ lọ́dún 1974, Ààrẹ tó gbapò rẹ̀ sì dárí jì í, kò fojú kan ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1976, kóòtù New York yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé lọ́yà. Kì í ṣe ẹjọ́ ẹnikẹ́ni ló ń rò nígbà tó ṣe ohun tó ṣe. Ààrẹ ló ń ṣe. Síbẹ̀ wọ́n ní ìwà yẹn ò yẹ lọ́yà.

Clinton náà ńkọ́? Lóṣù kìíní 2001, nígbà tó ku ọjọ́ kan kó kúrò lórí oyè, ó gbà kí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́yà rẹ̀ ní Arkansas fún ọdún márùn-ún, ó sì san ẹgbẹ̀rún 25 dọ́là. Obìnrin kan ló pè é lẹ́jọ́, ó búra, kò sì sọ òótọ́. Ẹjọ́ tara rẹ̀ ni, kì í ṣe ti oníbàárà kankan. Bí wọ́n bá lè bá Ààrẹ Amẹ́ríkà wí, ta wá ni lọ́yà tó ń fi káàdì dẹ́rù bà wá lójú ìsọ̀?

Nílé wa níbí, n'Íbàdàn, gbogbo wa la gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ákóbọ̀ lóṣù kejì ọdún 2016. Obìnrin kan tó jẹ́ lọ́yà ìjọba ní iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ọkọ rẹ̀ ní aáwọ̀ nínú ilé, ọkọ sì kú. Ìdílé méjì ló wọnú ọ̀fọ̀, a ò sì ní dárúkọ wọn. Lóṣù kọkànlá ọdún 2017, adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá obìnrin náà lẹ́bi pé ó ṣekú pa á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ìpànìyàn tó mọ̀ọ́mọ̀ pète, ó sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún méje. Inú yàrá tọkọtaya lọ̀rọ̀ yẹn ti wá, kò kan iṣẹ́ ọ́fíìsì rárá. Irú ẹ̀ ni ọ̀nà kejì tá a kà lókè yẹn wà fún. Ẹ fi sọ́kàn pé ìdájọ́ kóòtù lọ́tọ̀, ìwé orúkọ lọ́yà lọ́tọ̀. Kóòtù ló ń ránni lẹ́wọ̀n. Ìgbìmọ̀ ìbáwí gbọ́dọ̀ jókòó fúnra rẹ̀ kí orúkọ tó kúrò nínú ìwé. Ẹ̀wọ̀n nìkan kì í yọ ọ́.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan

Ẹ dúró díẹ̀ o. A rí i lójú àwọn kan pé wọ́n ti ń rántí lọ́yà tí wọ́n fẹ́ lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ọ̀bẹ yìí mú lójú méjèèjì.

Àkọ́kọ́, gbèsè lásán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Lọ́yà náà lè rà láwìn kí nǹkan má lọ dédé fún un. Bó bá ń bẹ̀ yín, tó ń san díẹ̀díẹ̀, ẹ bá a fara dà á bẹ́ ẹ ṣe ń bá àwa ara yín fara dà á. Ìgbìmọ̀ ìbáwí kì í ṣe agbowó gbèsè. Ọlọ́pàá náà kì í ṣe agbowó gbèsè: òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí pé ó kàn yẹ àdéhùn. Òfin yẹn dáàbò bo lọ́yà, ó sì dáàbò bo àwa náà. Kóòtù ni wọ́n ti ń gba gbèsè.

Èkejì, ẹ má ṣe sọ fún lọ́yà pé, "Bó ò bá sanwó mi, màá kọ̀wé mọ́ ẹ." Bẹ́ ẹ bá lẹ́jọ́, ẹ kọ ọ́. Bẹ́ ẹ ò bá ní, ẹ dákẹ́. Ẹni tó ń fi ẹ̀sùn gbowó, òun náà ti ń wọ inú ẹ̀ṣẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta, ìwà tí kò wù wá kọ́ ni gbogbo ìwà tí kò yẹ lọ́yà. Ní Lọndọnu, wọ́n fẹ̀sùn kan lọ́yà ńlá kan pé ó bá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ obìnrin ní àjọṣe lẹ́yìn tí wọ́n jọ mutí. Ìgbìmọ̀ ibẹ̀ bu owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún 35 pọ́n-ùn lé e. Nígbà tó di ọdún 2020, kóòtù gíga fagi lé e. Wọ́n ní kì í ṣe gbogbo ohun téèyàn bá ṣe ní ìkọ̀kọ̀ ló kan àwọn ọ̀gá iṣẹ́ rẹ̀, àfi èyí tó bá kan iṣẹ́ náà tàbí tó ba ìfọkàntán aráàlú jẹ́. Nítorí náà, bí lọ́yà bá fẹ́ ìyàwó méjì, tàbí kò kí yín láàárọ̀, ẹ má kọ̀wé o!

Ẹ̀kẹrin, wọ́n lè fi irú agbára yìí ṣe ibi. Gandhi tó jà fún òmìnira Íńdíà, lọ́yà ni. Lọ́dún 1922, ìjọba òyìnbó rán an lẹ́wọ̀n nítorí ohun tó kọ lòdì sí wọn. Lọ́dún yẹn náà, ẹgbẹ́ lọ́yà rẹ̀ ní Lọndọnu yọ orúkọ rẹ̀. Ó di ọdún 1988 kí wọ́n tó dá orúkọ náà padà sínú ìwé. Ogójì ọdún ló ti kú nígbà yẹn. Nílé níbí, wọ́n fẹ́ gbé Gàní Fáwẹ̀hìnmí wa lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí lórí ẹ̀sùn pé ó polówó ara rẹ̀. Gàní pe ẹjọ́. Lọ́dún 1985, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ẹni tó fẹ̀sùn kanni ò gbọdọ̀ tún jókòó ṣe adájọ́ rẹ̀. Àwọn baba wa ti sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà èèyàn ni. Lọ́yà tá a fẹjọ́ rẹ̀ sùn, dandan ni kí wọ́n gbọ́ tẹnu tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ tiwa, bá a ṣe máa fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ohun tó yẹ ká ṣe

Ní ti ṣẹ́ẹ̀kì, ẹ gbọ́ dáadáa. Òfin kan ti wà láti 1977 tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó lẹ́yìn gba ọjà tàbí àwìn. Bẹ́ ẹ bá mú ṣẹ́ẹ̀kì lọ sí báńkì kó tó pé oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀, tí báńkì dá a padà nítorí pé owó ò sí tàbí pé kò tó, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni, kò sí pé kó sanwó ìtanràn dípò, àfi bí ẹni tó kọ ọ́ bá lè fi hàn pé òun ní ìdí gidi láti gbà pé owó á wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má tọ́jú ṣẹ́ẹ̀kì sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ tètè mú un lọ. Bí wọ́n bá dá a padà, ẹ má fa á ya, ẹ má sì dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́ láìgba owó yín. Ìwé tí báńkì fi dá a padà ni ẹnu tẹ́ ẹ máa fi rojọ́.

Bó bá di pé ẹ fẹ́ fẹjọ́ lọ́yà sùn àwọn ọ̀gá rẹ̀, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá dé Àbújá. Ẹ lè kọ̀wé sí alága ẹ̀ka Ìbàdàn ti Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní NBA, tàbí sí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀. Wọ́n á wádìí rẹ̀, bí wọ́n bá rí i pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á gbé e síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Nínú ìwé náà, ẹ kọ orúkọ yín àti orúkọ lọ́yà náà. Ẹ kọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣe, iye owó, àti àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹ so ẹ̀dà ìwé tẹ́ ẹ ní mọ́ ọn. Ohun tójú yín rí ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ má kọ èyí tí wọ́n sọ fún yín. Ẹ má bú u. Èébú ò kún ẹjọ́, ṣe ló ń dín in kù. Ẹni tí kò lè kọ̀wé, kó wá bá wa, a ó bá a wá ẹni tó máa kọ ọ́, á ka ohun tí wọ́n kọ sí i létí kó tó tẹ̀ ẹ́ níka.

Ìyá tá a sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, a lọ bá a nílé. A bẹ̀ ẹ́ pé kó foríjì wá. Lẹ́yìn náà la bi í bóyá ṣẹ́ẹ̀kì yẹn ṣì wà. Kò dáhùn. Ó wọ yàrá lọ, ó pẹ́ díẹ̀, ó mú ọ̀rá kékeré kan jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí. Ṣẹ́ẹ̀kì ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé méjèèjì tí báńkì fi dá a padà. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ọjọ́ kan lẹ máa wá béèrè rẹ̀." Ojú tì wá gidi gan-an.

Lọ́yà ọmọ ìyá ìsọ̀ yẹn ti wò ó. Ó ní ó mú un lọ sí báńkì lásìkò, ẹjọ́ wà níbẹ̀. Ohun tó gbà wá níyànjú ni pé ká mú ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀kì lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀, kí wọ́n gbé e dé kóòtù, kí ìyá sì pẹjọ́ owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí kóòtù bá dá bàbá náà lẹ́bi, ọ̀nà kejì ti ṣí nìyẹn. Ní ti pé ó fi orúkọ lọ́yà dẹ́rù ba ìyá, a lè kọ ìyẹn sí NBA láìdúró de kóòtù. Kò ṣèlérí pé a máa borí, àwa náà ò sì ṣèlérí fún ìyá. Ohun tá a sọ fún un ni pé lọ́tẹ̀ yìí, kò ní dá lọ.

Àwa náà ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ kan kù, ó sì le díẹ̀. Nígbà tá à ń gbọ́ òfin yìí, ọkàn wa lọ sí ẹgbẹ́ tiwa. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá tẹ ìdí kóńgò wọnú, kíá la máa ń dá a dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan nínú wa kó owó àjọ àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀ jẹ, kí la sọ? A ní kì í ṣe inú ọjà ló ti ṣẹlẹ̀, kò kàn wá. Ó ṣì ń jókòó pẹ̀lú wa, àwọn tó jẹ lówó sì ń wò ó tó ń wọ aṣọ ẹgbẹ́. Bá a bá fẹ́ kí àwọn ọ̀gá lọ́yà wo ìwà lọ́yà délé, àwa náà gbọ́dọ̀ múra láti wo tiwa délé, ká gbọ́ tẹnu ẹni náà, ká má ṣe ojúsàájú.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta la fẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ sí. Kìíní, kí ẹgbẹ́ yan èèyàn méjì pẹ̀lú àwa akọ̀wé, ká tẹ̀ lé ìyá yìí lọ síbi gbogbo tọ́rọ̀ náà bá dé, kí ẹgbẹ́ sì san owó ọkọ̀ àti owó ìwé. Èkejì, láti òní lọ, ẹni yòówù tó bá fẹ́ ọjà ńlá láwìn, ìbáà jẹ́ lọ́yà, dókítà, alhájì tàbí pásítọ̀, kó fọwọ́ sí ìwé kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí á jókòó lórí òfin ẹgbẹ́ wa ní ìpàdé tó ń bọ̀, lórí ọ̀rọ̀ owó àjọ yẹn àti irú rẹ̀.

Lọ́yà rere pọ̀ o. Ọ̀kan nínú wọn ló tọ́ wa sọ́nà, kò gba kọ́bọ̀. Nítorí irú wọn gan-an ni kò fi yẹ ká dákẹ́ fún èyí tó ń ba orúkọ wọn jẹ́. Ẹni tá a bá fi ìfọkàntán wọ̀ láṣọ, kì í bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà kóòtù.